Oúnjẹ Òwú

Bí òwú bá tún já lọ́la, Mùtíátù yóò kó ẹ̀rọ ìhunṣọ rẹ̀ jáde nínú yàrá ìsàlẹ̀. Bàbá Jimoh, bàbá ọkọ rẹ̀, ló ni ilé náà ní Ìdúmàgbò, òun ló sì pàṣẹ. Ogójì ọdún ni bàbá fi ọwọ́ hun òfì ní Ìsẹ́yìn kó tó wá sinmi l'Ékòó, kò sì sí ohun tó ń bí i nínú tó ariwo ẹ̀rọ. Ẹ̀ẹ̀mẹ́sàn-án ni òwú já lánàá. Gbogbo ìgbà tí ẹ̀rọ bá ti dákẹ́ ni bàbá ń rẹ́rìn-ín ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà," ni bàbá wí.

Inú bí Mùtíátù. Ta ló sọ fún bàbá pé àkísà lòun ń wá? Ó kúkú mọ ohun tó ń ṣe òwú: òwú gbígbẹ ò lè fara da ìyà ẹ̀rọ. Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, ó se ògì, ó po òrí mọ́ ọn, ó gbé e kalẹ̀ kó tutù kó tó fi pa òwú lára. Ó wá lọ ṣe àlùwàlá.

Àṣé Hussainat, àbúrò ọkọ rẹ̀, ti rí ìkòkò náà, ó rò pé ti ìṣínu ààwẹ̀ ni, ó sì bù ú fún bàbá. Nígbà tí Mùtíátù fi máa padà dé, ife ti wà lẹ́nu bàbá.

"Yéè! Bàbá, ẹ má mu ún! Ti òwú ni!"

Ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ife kejì nìyẹn.

"Sorry sir," ni Hussainat ń wí, ó fọwọ́ bo ẹnu.

Bàbá lá ètè. Ó pajú dé.

"Ta ló fi òrí sí i?"

"Èmi ni, bàbá."

"Nítorí kí ni?"

"Ògì ló ń fún òwú lágbára, òrí ni ò ní jẹ́ kó gan. Tó bá ti gan, ó máa já ni."

Bàbá lajú. "Bí bàbá mi ṣe kọ́ mi nìyẹn. Mo ti rò pé kò sẹ́ni tó tún mọ̀ ọ́n." Omi ayọ̀ lé sójú Mùtíátù. "Ṣùgbọ́n òrí yìí pọ̀ jù. Gbogbo ọ̀nà ọ̀fun mi ló ń yọ̀."

Ni bàbá bá dìde, ó ká ọwọ́ aṣọ sókè, ó forí lé kíṣìnì.

"Bàbá, níbo lẹ̀ ń lọ?"

"Èmi ni mo mu oúnjẹ òwú. Ta lo fẹ́ kó tún un se?"

Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀rọ náà pariwo láti àárọ̀ títí di Àlàásárì, kò dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Inú ariwo yẹn gan-an ni bàbá sùn lọ fọnfọn.