Àyè Ọkùnrin Kan Nínú Ògiri Asà

Ajá ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn Olóyè Garmund kò gbó nígbà tí Tilhere wọlé dé. Ó wò ó, ó gbé imú sókè, ó sì dìde kúrò lójú ọ̀nà bíi pé èrò rẹpẹtẹ ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Tilhere bojú wẹ̀yìn. Kùrukùru àbàtà nìkan ló rí.

"Ìwọ nìkan?" Dudda, arúgbó tó ń ṣọ́ ilẹ̀kùn, ló béèrè.

"Èmi nìkan, Bàbá."

"Àwọn tó kù ńkọ́?"

"Wọ́n wà létí odò."

Dudda kò béèrè bóyá wọ́n jókòó ni tàbí wọ́n sùn. Òun náà ti jagun rí kí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan tó rọ, ó sì mọ ojú ẹni tó fi òkú sílẹ̀ wá sílé. Idà ọwọ́ Tilhere ló ń wò. Idà olóyè ni.

Àwọn kan a máa sọ pé akíkanjú tó mọ ìjà tí kò mọ ìsá, irú wọn ní í bógun lọ. Ẹ má dán an wò kí ẹ sọ bẹ́ẹ̀ nínú gbọ̀ngàn yìí. Ẹni tó bá jẹun olóyè níbẹ̀, tó gba ẹ̀gbà wúrà lọ́wọ́ rẹ̀, tó sì gbé ife ọtí oyin sókè pé òun kò ní fi olóyè sílẹ̀ lójú ogun wá sílé, ó ti fi orí ara rẹ̀ dógò. Tilhere ti gbé ife náà. Ohùn tirẹ̀ ló tilẹ̀ ròkè jù lọ, torí ẹnu rẹ̀ dùn, ọtí sì ti wọ̀ ọ́ lára. Ọwọ́ ọ̀tún olóyè ni ìjókòó rẹ̀. Bí wọ́n bá sì ṣe jókòó nínú gbọ̀ngàn ni wọ́n ṣe ń dúró lójú ogun, èjìká sí èjìká, etí asà lórí etí asà, kí asà ẹnì kan lè bo ìhà ẹni tó tẹ̀ lé e.

Olorì Leofrun, aya olóyè, jáde síta. Kò sunkún. Ó ní, "Ta ló gbé idà yẹn fún ọ?"

"Olóyè ló rán mi, Olorì. Ó ní kí n gbé e wálé kó má bàa bọ́ sọ́wọ́ àwọn ajagun òkun."

"Kí ló sọ gan-an?"

"Ó ní kí n sọ fún yín pé orúkọ yín ló wà lẹ́nu òun."

Olorì wo idà náà. "Ọ̀rọ̀ yẹn mà dùn o," ló wí. "Ọkọ mi kò sọ̀rọ̀ dídùn rí láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ẹ."

Irọ́ ni Tilhere pa. Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò gùn. Nígbà tí àwọn ajagun òkun kọ lu ògiri asà ní ibi tí odò ti fà, Sibba, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó dúró lọ́tùn-ún rẹ̀, fi èjìká kàn án, ó ní, "Sún mọ́ mi, má fi àyè sílẹ̀." Àyà Tilhere já. Ó ju asà sílẹ̀, ó sá wọ inú esùsú, ó dojú bolẹ̀, ó sì gbọ́ gbogbo rẹ̀ títí ariwo fi tán. Inú esùsú náà ni idà olóyè fò bọ́ sí. Ó gbé e, kò sì yà wo àwọn òkú. Bí irọ́ yìí bá dúró, òun ni ẹni tí olóyè fọkàn tán jù lọ, akọrin yóò sì fi orúkọ rẹ̀ kọrin. Bí ó bá já, kò sí gbọ̀ngàn tí yóò ṣílẹ̀kùn fún un mọ́ láyé. Ikú yá ju ẹ̀sín lọ, ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó bẹ̀rù ikú, ó sì tún bẹ̀rù ẹ̀sín.

Ní ìrọ̀lẹ́, Olorì gbé ife. Àṣà wọn ni pé kí wọ́n tó lọ kó òkú ogun, obìnrin ilé yóò kọ́kọ́ gbé ọtí oyin yí àwọn ìjókòó tó ṣófo ká, yóò pe orúkọ ẹni tó ni ìjókòó, yóò sì dúró fún ìwọ̀n ìgbà tí ọkùnrin lè fi gbé e mu. Tilhere jókòó sí àyè tirẹ̀, ó ń wò. Ó rí i pé bí ife bá ti kúrò níwájú ìjókòó kan, ọtí inú rẹ̀ a ti rẹlẹ̀ sí i. Ó fẹ́ sọ fún ara rẹ̀ pé ọwọ́ Olorì ló ń gbọ̀n tó ń dà á sílẹ̀. Ọwọ́ Olorì kò gbọ̀n rárá, ilẹ̀ sì gbẹ. Dudda náà rí i, ó sì gbójú sílẹ̀.

"Sibba," ni Olorì pè.

Àga ọwọ́ ọ̀tún Tilhere dún bí ìgbà tí ẹni tó wúwo bá jókòó lé e. Ohun kan tó tutù, tó sì rin gbingbin, fara ti èjìká rẹ̀. Kò fi agbára tì í. Ó kàn ń sún mọ́ ọn, ó ń sún mọ́ ọn, bí ẹni tó ń wá àyè tó ṣófo dí.

"Tilhere," ni Olorì pè, ohùn tó fi pe àwọn òkú náà ló fi pè é.

Ó gba ife lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí nǹkan nínú rẹ̀.

"Ó ti tán, Olorì."

"Èmi kọ́ ni mo mu ún," ni Olorì wí, ó sì gba ife rẹ̀ padà.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n so màlúù mọ́ kẹ̀kẹ́, Olorì àti Dudda àti àwọn obìnrin ilé, Tilhere sì ń tẹ̀ lé wọn bí ẹni tí wọ́n dè lókùn. Nígbà tí wọ́n dé etí odò, wọ́n dá màlúù dúró. Àwọn òkú náà kò dùbúlẹ̀. Orí ìkúnlẹ̀ ni wọ́n wà, asà wọn há sínú ara wọn, ojú wọn kọ sí odò. Ẹyẹ ìwò kún orí igi, ṣùgbọ́n ọ̀kan kò balẹ̀. Níbì kan ṣoṣo ni ògiri náà ti là, láàárín Sibba àti olóyè. Olóyè nìkan ló ṣubú, ọgbẹ́ kan ṣoṣo ló sì wà lára rẹ̀, ní ìhà ọ̀tún.

Dudda tiro dé àlàfo náà. "Ibí ni wọ́n gbà wọlé," ló wí. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé asà kan nílẹ̀, ó yí i síwá sẹ́yìn. "Ẹ wo asà yìí. Kò ní àpá kan lára. Ó mọ́ bí ojú ìyàwó tuntun. Ti ta ni?"

Wọ́n gbìyànjú láti gbé ẹni àkọ́kọ́, kò ṣeé gbé. Wọ́n fi okùn so ó mọ́ màlúù, màlúù fà títí, okùn já.

"Òkú kì í wúwo tó báyìí," ni Dudda wí. "Nǹkan kan ni wọ́n ń dúró dè."

Olorì kọjú sí Tilhere. "Ìgbà wo ni ọkọ mi rán ọ níṣẹ́?"

Irọ́ ti wà lẹ́nu rẹ̀. Yóò ní kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀ ni. Kò ní ju kó sọ ọ́ jáde lọ, àwọn tó lè jiyàn sì ti kú tán. Ó ṣèèṣì wo Sibba. Ojú Sibba là sílẹ̀. Èjìká òsì rẹ̀ ṣì tẹ̀ sí àlàfo náà, ó ń wá ẹni tí yóò fara tì.

"Kò rán mi," ni Tilhere wí. "Mo sá. Èmi ni mo fi àyè sílẹ̀."

Asà kan dún, ó tú kúrò lára èkejì. Òmíràn tú, òmíràn tún tú, àwọn ọkùnrin náà sì ń rọra dùbúlẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó rẹ̀ tó ti oko dé. Àfi Sibba. Òun kò mira. Tilhere kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó ní, "Sibba, èmi nìyí, mo ti sọ ọ́, gbogbo wọn ti gbọ́." Sibba wà bó ṣe wà.

Tilhere sunkún bí ọmọdé. Ó wọ inú àlàfo náà, ó fi ẹ̀yìn lélẹ̀, ó ní, "Ẹ fi mí sílẹ̀ síbí, Olorì. Ẹ jẹ́ kí n kú síbi tí mo búra pé n kò ní kúrò."

"Ikú tí ò ń wá yẹn, àná ló wà níbí," ni Olorì wí. "Lónìí, kò sí ọ̀tá níwájú rẹ. Dìde. Wàá wà láàyè, wàá sì máa sọ ohun tó o sọ tán yìí ní gbogbo ilẹ̀kùn tó o bá kàn, kó tó di pé o tọrọ búrẹ́dì."

Tilhere bọ́ ẹ̀gbà wúrà ọwọ́ rẹ̀, ó gbé e sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ olóyè. Kò sẹ́ni tó dá a dúró.

Etí odò náà ni wọ́n sin gbogbo wọn sí, wọ́n kó erùpẹ̀ jọ lé wọn lórí títí ó fi ga bí òkè kékeré. Sibba tí kò ṣeé gbé, wọ́n kó erùpẹ̀ yí i ká lórí ìkúnlẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé apá òsì rẹ̀, Olorì ní kí wọ́n dúró.

"Ẹ fi ibẹ̀ sílẹ̀."

"Ẹranko á wọbẹ̀, Olorì," ni obìnrin kan wí.

"Kò séyìí tó máa wọ̀ ọ́."

Ihò náà fẹ̀ tó èjìká ọkùnrin kan, ó sì wọlé tààrà. Wọ́n da màlúù padà, wọ́n ń lọ sílé, kò sẹ́ni tó kí Tilhere pé ó dàbọ̀. Òun náà mú ọ̀nà tirẹ̀ pọ̀n, ọ̀nà tí kò ní gbọ̀ngàn kankan nínú. Bó ṣe ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè náà, ó dúró, ó tẹ́tí. Nínú ihò náà, ẹnì kan ń rọra sún díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń ṣe àyè fún ẹlòmíràn lórí àga.