Ẹni Tó Mọ Ojú Oórì Jọláolúwa

Owólabí ti gbé ẹsẹ̀ kan sínú ọkọ̀ òkú. Pósí ọmọ rẹ̀ wà níwájú rẹ̀, pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọn ò kùn lọ́dà. Awakọ̀ ń wo aago. Ẹ̀yìn ilé ìgbókùúsí kan ní Treichville, ní Abidjan, ni wọ́n wà, oòrùn sì ti ń mú.

Jọláolúwa, ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún, tó ń tún fíríìjì ṣe. Ibà ọjọ́ mẹ́rin ló pa á.

Nílùú Owólabí, bàbá kì í sin ọmọ, kì í sì í mọ ojú oórì rẹ̀. Ẹbí àti àwọn ojúgbà olóògbé ló ń ṣe é. Bàbá á jókòó sílé. Ṣùgbọ́n ẹbí wo ló kù ní Abidjan? Ìyá ọmọ náà ti kú. Àwọn ará ìlú rẹ̀ tó wà ní Abobo, ó ti bá wọn jà nítorí ipò nínú ẹgbẹ́, kò sì lè lọ kan ilẹ̀kùn wọn. Láti ìdájí ló ti ń bẹ Ọlọ́run pé kó fi ẹnì kan han òun. Ilẹ̀ mọ́, kò sẹ́ni tó yọjú. Ọmọ ò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ló bímọ. Òun kò bímọ nìyẹn.

"Papa, non. Ẹ sọ̀kalẹ̀."

Ó bojú wẹ̀yìn. Yessoufou ni, télọ̀ tí ìsọ̀ rẹ̀ kọjú sí ilé wọn ní Koumassi Remblais. Ọmọ Yorùbá ni bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n Abidjan ni wọ́n bí òun sí. Owólabí kì í jẹ́ ẹ bó bá kí i. Ọmọ tó sọ ahọ́n bàbá rẹ̀ nù ló máa ń pè é. Ọkùnrin mẹ́ta dúró lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú ṣọ́bìrì.

"Ta ló rán ọ?"

"Personne. Kò sẹ́nì kankan. Mo rí i pé ẹ̀yin nìkan lẹ jáde." Yessoufou fọwọ́ nu ojú. "Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kú, vieux mi jókòó sílé. Ó ní òun tí òun jẹ́ bàbá ò gbọ́dọ̀ rí..." Ó wá ọ̀rọ̀ náà tì. "Ilé tí wọ́n gbẹ́ yẹn."

"Ìwọ ni yóò wá kọ́ mi láṣà?"

"Èmi kọ́, Papa. Vieux mi ni."

Owólabí sọ̀kalẹ̀. Ó gbé ọwọ́ lé pósí náà díẹ̀, ó sì mú un kúrò. Yessoufou àti àwọn mẹ́ta náà wọ ọkọ̀, ọkọ̀ sì lọ.

Ó jókòó sílé títí di ìrọ̀lẹ́. Kò jẹun, kò sunkún, kò gbàdúrà.

Nígbà tí Yessoufou dé, orí àga tó wà lẹ́nu ọ̀nà ló jókòó sí.

"C'est fini," ló wí, pé ó ti parí. Lẹ́yìn náà: "Mo mọ ibẹ̀. Dimanche, ọjọ́ Àìkú, màá máa lọ ro koríko."

Owólabí la ẹnu láti bèèrè ibi tó jẹ́. Ó pa á dé. Nígbà tó wo àga náà padà, Yessoufou ti sùn lọ, orí rẹ̀ fara ti ògiri. Erùpẹ̀ pupa ti já bọ́ lára bàtà rẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì.

Ọlọ́run kò dá ọmọ padà, kò sì sọ ìdí. Owólabí ká ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò nílẹ̀ kó má baà tẹ erùpẹ̀ náà. Ìbànújẹ́ rẹ̀ kò fi bíńtín dín kù. Ṣùgbọ́n bó ti ń gbọ́ èémí ẹni tó sùn náà, ó mọ̀ pé wọn kò fi òun nìkan sílẹ̀ lónìí.