Ẹni Márùn-ún, Àjẹ̀ Mẹ́rin

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ibi tó bá ti dákẹ́ ni ìsinmi wà. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mo ti lò ní erékùṣù Lambhólmur, mi ò sinmi níbẹ̀ rí. Ilé mẹ́rin la ní, èèyàn mẹ́rìnlá, àgùntàn tó lé ní igba, àti ẹyẹ òkun tí ẹnikẹ́ni ò lè kà. Bí Heini bá sín nílé tiwọn lókè lọ́hùn-ún, èmi tí mo wà nílé wa nísàlẹ̀ ni màá kí i pé pẹ̀lẹ́. Ọjọ́ tí mo fi súgà sí kọfí mi lẹ́ẹ̀mejì, kí ilẹ̀ tó ṣú, Màmá Billa ti ń bi màámi bóyá ara mi yá.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni mo fẹ́ sọ. A ò ní èbúté. Àpáta ló yí wa ká, àlàfo kan ṣoṣo ni ọkọ̀ lè gbà wọlé, ó sì há. Ọkọ̀ ńlá tó ń kó lẹ́tà, ìyẹ̀fun àti kẹrosíìnì wá láti Tórshavn tó jẹ́ olú ìlú wa, ọ̀sẹ̀ méjì méjì ló ń dé, kì í sì í sún mọ́ wa. Á dúró lókèèrè, á fun fèrè, àwa la máa tukọ̀ lọ bá a. Ọkọ̀ wa ní àjẹ̀ mẹ́rin, ilé kọ̀ọ̀kan ló sì ni àjẹ̀ kan. Ilé tí ò bá gbé àjẹ̀ tiẹ̀ wá, ọkọ̀ ò kúrò nílẹ̀ nìyẹn, gbogbo wa á jókòó máa wo ara wa lójú.

Ibi ìpadàbọ̀ ni wàhálà wà. Ẹnì kan á fi okùn sọ́wọ́ fò sórí àpáta, àwọn mẹ́ta tó kù á fi àjẹ̀ dá ọkọ̀ dúró kí ìgbì má baà gbé e lu òkúta. Ẹni mẹ́ta lápapọ̀ ò lè ṣe é. Bàbá mi àti Heini pẹ̀lú Mikkjal aládùúgbò wa dán an wò ní mẹ́ta, lọ́dún tí ibà dá Bàbá Hanus, ẹ̀gbọ́n màámi, dùbúlẹ̀ tí ìyẹ̀fun sì ti tán pátápátá. Wọ́n rí Heini, wọ́n rí Mikkjal. Bàbá mi, a ò rí i títí di òní.

Ọmọ ogún ọdún ni mí nígbà náà. Àjẹ̀ ilé wa ni omi gbé wá sí etíkun lọ́jọ́ kẹta. Bàbá Hanus tó ń tọ́jú ọkọ̀ ló gbé e wá sẹ́nu ọ̀nà wa. Ó fi ti ògiri, ó bá tiẹ̀ lọ. Mo gbé àjẹ̀ náà, ọjọ́ yẹn ni wọ́n dè mí mọ́lẹ̀.

Nọ́ọ̀sì ni mo fẹ́ ṣe. Ilé ìwòsàn kan ní Tórshavn ti kọ lẹ́tà sí mi lẹ́ẹ̀mẹta pé kí n wá kọ́ṣẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mi ò lọ. Lẹ́tà kẹrin wá lóṣù karùn-ún. Wọ́n ní kí n dé ní Mọ́ńdè àkọ́kọ́ nínú oṣù kẹsàn-án, pé àwọn kì í gba ẹni tó bá ti pé ọgbọ̀n ọdún. Oṣù kẹwàá ni màá pé ọgbọ̀n. Mo gbé lẹ́tà náà lọ bá Bàbá Hanus níbi tó ti ń rẹ́ irun àgùntàn.

"Bàbá Hanus, lọ́tẹ̀ yìí, mo gbọ́dọ̀ lọ."

"Ta ló ní kó o má lọ?" Kò tiẹ̀ gbójú sókè. "Máa lọ. Ilé yín ṣáà máa gbé àjẹ̀ wá."

"Ta ló kù nílé wa? Màámi nìkan ni."

"Mo gbọ́."

Ṣé ẹ rí i bí wọ́n ṣe ń ṣe é? Kò sẹ́ni tó sọ pé rárá. Ká ní ẹnì kan tiẹ̀ pariwo mọ́ mi pé rárá ni, èmi náà ì bá pariwo padà, ara ì bá tù mí. "Mo gbọ́" ni wọ́n máa ń sọ, wọ́n á tún tẹjú mọ́ àgùntàn wọn.

Mo délé, mo ju lẹ́tà sórí tábìlì, mo bú sẹ́kún. Màámi kà á tán, ó tún un kà.

"Èmi náà ní apá méjì," ló wí.

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta!"

"Ṣé ọdún ni wọ́n fi ń tukọ̀ ni? Dìde, lọ gbé àjẹ̀ wá kí n tó yí ọkàn padà."

Báyìí ni Elspa ìyá mi ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọkọ̀ títù. Gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn yẹn, bí omi bá ti rọlẹ̀, ó ti wọnú ọkọ̀. Ọwọ́ ẹ̀ lé ròrò, ó bẹ́, ó tún lé. Mo máa ń fi ọ̀rá àgùntàn pa á fún un, yóò máa ṣépè fún òkun. Heini á dúró lókè àpáta pẹ̀lú àwọn ọmọ ẹ̀ mẹ́ta, wọ́n á máa wòran.

"Màmá Elspa, ẹ rọra o! Àwọn ẹja ti ń fi yín rẹ́rìn-ín!"

"Jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín, ìwọ tí ìyàwó ẹ lágbára jù ọ́ lọ!"

Gbogbo wa á rẹ́rìn-ín, ìyàwó Heini gan-an ló máa ń rín jù.

Àmọ́ èmi kọ́ ni mo kọ́ màámi. Sùúrù wo ni mo ní? Mikkjal ló kọ́ ọ. Ẹni ogójì ọdún ni, kò láya, ìyá ẹ̀ kú nígbà òtútù tó kọjá, ó ku òun nìkan nínú ilé wọn. Ọ̀rọ̀ márùn-ún lóòjọ́ ti pọ̀ jù lójú Mikkjal. Yóò wá jókòó ti màámi nínú ọkọ̀, á bá a tún ọwọ́ ẹ̀ gbé, á sọ pé, "Ẹ má fi apá fà á. Ẹ̀yìn ni kẹ́ ẹ fi fà á." Lọ́jọ́ gbogbo, láìgba nǹkan kan lọ́wọ́ wa ju kọfí lọ. Mo máa ń sọ fún màámi pé èèyàn rere ni.

Lọ́jọ́ kan tí mo gbé kọfí fún un, ó bi mí ní ìbéèrè kan. "Rakul, ní Tórshavn, ṣé èèyàn lè rìn gba ojú títì kọjá kó má pàdé ẹni tó mọ orúkọ ẹ̀?"

"Bọ̀ọ̀dá Mikkjal, nítorí ẹ̀ gan-an ni mo ṣe ń lọ."

"Ó dáa," ló wí, ó mu kọfí ẹ̀ tán. Ọ̀rọ̀ ara mi kún etí mi, mi ò gbọ́ ohun tó ń sọ.

Nígbà tó di ìparí oṣù kẹjọ, Mikkjal sọ fún Bàbá Hanus pé, "Màmá Elspa ti mọ̀ ọ́n." Bàbá Hanus mi orí pé ó dáa, ó di pé mo lè lọ.

Ọkọ̀ ńlá fun fèrè láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀. Gbogbo ìlú ló jáde. Màmá Billa gbé odindi itan àgùntàn gbígbẹ wá, ó ní kí n fi sínú àpótí kí àwọn ará Tórshavn má baà fi ebi pa mí. Àpótí bàbá mi ni, aláwọ̀ búráùn, gbogbo aṣọ mi ló wà nínú ẹ̀. Bàbá Hanus wo ojú ọ̀run, ó ní afẹ́fẹ́ máa yí padà kó tó di ọ̀sán, ká yára.

"Ẹni márùn-ún!" Heini ń pariwo bá a ṣe ń tì í sómi. "Ọkọ̀ yìí ti di ọkọ̀ ìyàwó o!"

Bẹ́ẹ̀ ló rí lóòótọ́. Látọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, mi ò rí ẹni márùn-ún nínú ọkọ̀ yẹn rí. Èmi, Heini, Mikkjal àti Bàbá Hanus là ń tù ú lọ, màámi jókòó sẹ́yìn, ó gbá àpótí mi mọ́ra. Kò sẹ́ni tó rò ó síwájú ju bẹ́ẹ̀ lọ.

A dé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ńlá. Wọ́n sọ ìyẹ̀fun kalẹ̀, wọ́n sọ kẹrosíìnì àti àpò lẹ́tà kalẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹrù ló ń kọ́kọ́ gòkè, èèyàn á tẹ̀ lé e. Wọ́n fi okùn fa àpótí mi sókè. Màámi sún wá síbi ìjókòó mi, ó gba àjẹ̀ ilé wa lọ́wọ́ mi. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti dì mọ́ ọn. Ìyẹn ni àṣìṣe mi. Ó yẹ kí n ti fò mọ́ àkàsọ̀ onókùn tí wọ́n sọ kalẹ̀ fún mi lójú ẹsẹ̀.

Ìgbà tí mo gbójú sókè, Mikkjal ti fa àjẹ̀ ẹ̀ wọnú ọkọ̀, ó ti tò ó dáadáa, ó sì ti wà lórí àkàsọ̀. A rò pé ẹrù kan ló kù tó fẹ́ bá wọn gbé. Ó dé òkè, ó gbẹ́sẹ̀ kọjá etí ọkọ̀, ó ṣí fìlà.

"Mikkjal!" Bàbá Hanus pariwo. "Kí lò ń ṣe lókè níbẹ̀?"

"Mo ti lọ nìyẹn, Bàbá Hanus."

"Lọ síbo?"

"Mi ò tíì mọ̀."

Heini bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni. Ó wo ojú Mikkjal, ẹ̀rín náà gé.

"Rakul, dákun," ni Mikkjal wí látòkè. Mi ò gbọ́ kí ohùn ẹ̀ ròkè tó bẹ́ẹ̀ rí. "Ẹni mẹ́rin ló kù nínú ọkọ̀. Mo ti kà yín."

"Olè!" Mo pariwo mọ́ ọn. "Ọ̀dàlẹ̀! Èmi ni mo ni àyè yẹn! Èmi ni mo mú màámi wá!"

"Èmi ni mo kọ́ wọn," ló dá mi lóhùn.

Ọ̀gá ọkọ̀ ńlá yọrí. Ó ní erékùṣù mẹ́ta mìíràn ń dúró de òun, ó ní, "Ọmọbìnrin, ṣé ò ń bọ̀ àbí o ò bọ̀? Ìgbì ń dìde."

"Gòkè!" Màámi ń fi ẹsẹ̀ tì mí. "Rakul, mo ní kó o gòkè! Má wojú mi!"

Heini ló sọ̀rọ̀, ohùn ẹ̀ lọ sílẹ̀, kò sí yẹ̀yẹ́ kankan níbẹ̀. "A ti dán an wò ní mẹ́ta rí," ló wí.

Kò sẹ́ni tó dì mí mú. Mo fọwọ́ kan àkàsọ̀ náà, ó tutù, ó lómi lára. Mo bojú wẹ̀yìn, mo rí àlàfo àárín àpáta wa tí ìgbì ti sọ di funfun, mo rí ọwọ́ màámi lára àjẹ̀ bàbá mi. Mi ò ní purọ́ fún yín. Inú bí mi débi pé mo fẹ́ kí gbogbo wọn rì, àtọkọ̀ àtìyẹ̀fun. Àmọ́ màámi wà láàárín wọn. Mo jókòó sí ìjókòó Mikkjal, ó ṣì lọ́wọ́ọ́wọ́, mo mú àjẹ̀ ẹ̀.

Màámi sunkún títí a fi délé. Ó ń sunkún, ó ń tukọ̀, kò ṣi àjẹ̀ gbé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mikkjal kọ́ ọ dáadáa.

Àwọn tó wà lókè àpáta ti ka orí wa kí ọkọ̀ tó gúnlẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi wá ní nǹkan kan, àfi Màmá Billa. "Itan àgùntàn mi ńkọ́?" ló wí.

Ó ti bá àpótí mi lọ sí Tórshavn. Aṣọ màámi ni mo wọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Mọ́ńdè àkọ́kọ́ nínú oṣù kẹsàn-án dé, ó kọjá, mo lọ kó àgùntàn wálé bíi ti ọjọ́ gbogbo.

Nígbà tí ọkọ̀ ńlá padà dé, wọ́n fi okùn sọ àpótí náà kalẹ̀ sí àárín wa. Heini gbé e, ó fi sẹ́sẹ̀ mi, kò wojú mi. Mo ṣí i nílé. Gbogbo aṣọ mi pé, wọ́n ká a bí mo ṣe ká a. Mikkjal ti jẹ itan àgùntàn tán. Níbi tí ẹran náà wà, ó fi ìbọ̀wọ́ tuntun kan sí i, aláwọ, tó nípọn, irú èyí tí wọ́n fi ń tukọ̀ nígbà òtútù. Mo tọwọ́ bọ inú ẹ̀ wò. Ìwọ̀n ọwọ́ mi gẹ́lẹ́ ni.

Mo mú ìbọ̀wọ́ náà jáde láti jù ú sínú òkun. Mo dúró lórí àpáta fún ìgbà pípẹ́, òtútù ń jẹ mí lọ́wọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì sí i, ọkọ̀ ńlá á tún fun fèrè. Mo wọ ìbọ̀wọ́ náà.