Nọ́ńbà Tí Àǹtí Fi Tọrọ Àdúà

Ta ló rán Àǹtí Mìsítúrà níṣẹ́ nọ́ńbà yẹn? Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, ní mọ́sáláṣí wọn ní Peckham nílùú òyìnbó, ni ìyá náà fa Hameedah sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ló ń ṣe mí. Mi ò fẹ́ káyé gbọ́. 4417 ni wọ́n kọ sára ìgò ẹ̀jẹ̀ mi. Fi ṣe àdúà fún mi, Ọlọ́run á mọ̀ pé èmi ni." Àwa náà mà nìyẹn! A ó fi orúkọ pamọ́ fún èèyàn, a ó wá fi nọ́ńbà lé Ọlọ́run lọ́wọ́.

Àǹtí ò mọ̀ pé láàbù tí Hameedah ti ń ṣiṣẹ́, ní Camberwell, lẹ̀jẹ̀ náà ń lọ. Ní Túsìdeè, ọmọbìnrin náà gbé ìgò kékeré kan: 4417. Àyà rẹ̀ já. Òfin ni pé ẹni tó bá mọ ẹlẹ́jẹ̀ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ẹ̀jẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n tó bá sọ̀rọ̀, àṣírí Àǹtí tú nìyẹn. Ó dákẹ́, ó ń ṣiṣẹ́ lọ.

Wọ́n á da èròjà kan tó ń tàn sí ẹ̀jẹ̀ funfun, á lẹ̀ mọ́ ọn lára. Nínú yìnyín, ẹ̀jẹ̀ kì í gbé e mì. Nínú ooru, èyí tó bá máa gbé e mì á gbé e mì. Wọ́n á wá fọ tara rẹ̀ dànù, kí wọ́n wo ohun tó wọnú. Bí ẹ̀jẹ̀ tó lárùn bá gbé e mì, dókítà lè fi irú èròjà náà gbé oògùn wọ inú rẹ̀. Bí kò bá gbé e mì, kò sí oògùn tó kù fún Àǹtí mọ́.

Hameedah fojú sí awò. Òkùnkùn biribiri, kò sóhun tó ń tàn.

"Lá ìláhà illallahu!" Jìnnìjìnnì bò ó. Ojú rẹ̀ ti ń rí àwọn tó tò láti kírun sí Àǹtí lára. Ìgbà tó yíjú ló rí i pé ẹ̀rọ ooru ṣófo. Inú yìnyín ló kó gbogbo ìgò sí látàárọ̀! Ẹ̀jẹ̀ tó kù ò sì ju ti ẹ̀ẹ̀kan péré lọ.

Ó sáré bá Agnes, ọ̀gá rẹ̀. "Ẹ forí jì mí, ma. Mo mọ ẹlẹ́jẹ̀ yìí. Ẹ̀rù ló jẹ́ kí n ṣi iṣẹ́ ṣe."

"Ìwọ ọmọ yìí! O ò wá tètè sọ? Bọ́ síta!"

Wákàtí méjì ló fi dúró ní kọ́rídọ̀, tí Agnes ń fi ẹ̀jẹ̀ tó kù tún iṣẹ́ náà ṣe. Agnes yọjú. "Ẹ̀jẹ̀ tó lárùn gbé e mì dáadáa. Èyí tó lera ò gbé e mì tó bẹ́ẹ̀. Dókítà ló máa sọ fún un. O ò gbọdọ̀ lanu!"

Ní Camberwell Green, bó ṣe ń dúró de bọ́ọ̀sì, fóònù dún, Àǹtí Mìsítúrà ni.

"Hameedah, ẹ̀rù ń bà mí. Ṣé ò ń fi nọ́ńbà yẹn ṣe àdúà?"

"Mi ò fi nọ́ńbà ṣe é mọ́, ma. Orúkọ yín gan-an ni mò ń pè báyìí."

"Orúkọ mi kẹ̀? Kí lo gbọ́? Hameedah, ṣé mo ti ń kú ni?"

Ìròyìn ayọ̀ kún ẹnu ọmọbìnrin náà, kò sì lè sọ ọ́. Ó fẹ́ sọ pé "Rárá, ma." Ẹkún ló bẹ́ jáde, ohun tí Àǹtí sì gbọ́ nìyẹn.