Itan Mẹ́ta Nínú Ajere

Nígbà tí Adéníran ti ìsìn Kérésìmesì dé, kò gba ẹnu ọ̀nà iwájú wọlé. Ẹ̀yìnkùlé ló gbà, nítorí ó fẹ́ da àgbàdo fún abo tòlótòló kó tó bọ́ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì. Láti oṣù karùn-ún ọdún 1974 yẹn tí Rosaline ìyàwó rẹ̀ ti kú, òun fúnra rẹ̀ ló ń bọ́ ẹyẹ náà. Akọ kan àti abo kan ni Rosaline fi sílẹ̀. Akọ ni wọ́n ń sìn de ọdún. Ní ti abo, Adéníran ti kìlọ̀ fún gbogbo ilé pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án.

Ó dé ìdí ọgbà, ọgbà ṣófo.

Ti akọ kò yà á lẹ́nu. Mùkáílà ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni yóò ti wá dúńbú rẹ̀ láàárọ̀, gẹ́gẹ́ bó ṣe ń ṣe é lọ́dọọdún láti ọdún mẹ́rìnlélógún sẹ́yìn. Mùsùlùmí ni Mùkáílà, àgbẹ̀ ni, ilé wọn sì kọjú síra. Ọdún tí wọ́n gbé tíṣà Adéníran wá sí Igbó-Ọrà ni Rosaline ti sọ pé ọ̀bẹ Mùkáílà ni kó máa pa ẹran ọdún àwọn, kí gbogbo àdúgbò lè bá wọn jẹ ẹ́. Láti ìgbà náà, Mùkáílà kì í bèèrè ohun tó wà nínú àwo kó tó jẹun nílé Tíṣà.

Ṣùgbọ́n abo ńkọ́?

Adéníran bẹ̀rẹ̀, ó wo ilẹ̀. Wọ́n ti gbálẹ̀ níbẹ̀, àmọ́ wọ́n fi ìkánjú gbá a. Ìyẹ́ dúdú wà lẹ́bàá ọgbà, ìyẹ́ aláwọ̀ eérú sì wà láàárín rẹ̀. Akọ ló dúdú. Abo ló láwọ̀ eérú. Láti ọjọ́ Àìkú ni abo náà ti ń sorí kọ́, tó ń ṣẹ́ àgbàdo kù. Àrùn sì ti gbá adìẹ àdúgbò lọ ní oṣù tó kọjá.

Ó kọjá sí ilé ìdáná. Tinúkẹ́ ló wà níbẹ̀, ìyàwó Láńrewájú, ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí Adéníran bí. Kàdúná ni Láńrewájú ti ń ṣiṣẹ́, kò sì ráàyè wálé ọdún. Lẹ́yìn ìsìnkú ló rán ìyàwó rẹ̀ wá kó máa tọ́jú bàbá òun. Ẹran ni Tinúkẹ́ ń dín.

“Ẹ káàbọ̀, sà. Ìsìn ti parí?”

“Ó ti parí.”

Ọmọbìnrin náà sún díẹ̀, ó fi ara bo ajere tó ń kó ẹran sí. Kò sún tán kí Adéníran tó rí i. Tòlótòló ọdún, wọn kì í gé itan rẹ̀ sí wẹ́wẹ́ nílé yìí, odidi ni wọ́n ń dín in. Itan mẹ́ta ló wà nínú ajere. Ẹni tó ti fi ogójì ọdún ka orí ọmọ ilé ìwé lórí ìlà, kò sí ohun tó fẹ́ tún kà.

“Abo tòlótòló dà?”

Tinúkẹ́ yí ẹran inú epo padà. “Ó… ó jọ pé ó fò jáde, sà. Mà á wá a bí mo bá ṣe tán.”

Adéníran wọlé, ó jókòó sí pálọ̀ pẹ̀lú agbádá lọ́rùn.

Ohun gbogbo bẹ̀rẹ̀ sí í tò fún un. Ta ló ká aṣọ tí Rosaline fi bo àga kúrò, tó ní ó ti gbó? Tinúkẹ́ ni. Ta ló kó ìkòkò Rosaline sí òkè àjà? Òun náà ni. Ó dá a lójú báyìí pé abo náà kú mọ́jú, àti pé ọmọ yìí, dípò kó sọ ọ́, ó hú u níyẹ̀ẹ́, ó fi ata bò ó, ó dà á pọ̀ mọ́ ti ọdún. Bó bá jẹ́ òun nìkan ni yóò jẹ ẹ́, ìyẹn ìbá rọrùn. Òun ìbá kàn máa wò ó. Ṣùgbọ́n Mùkáílà ń bọ̀ ní agogo méjì. Òkúǹbete ni ẹ̀sìn Mùkáílà ń pe ẹran tó kú fúnra rẹ̀, èèwọ̀ rẹ̀ sì ni. Bó bá jẹ ẹ́ láìmọ̀, tó wá gbọ́ lọ́la, kí ni yóò kù láàárín àwọn méjèèjì? Bí Adéníran bá sì sọ̀rọ̀, ó ti dójú ti aya ọmọ rẹ̀ lójú ará ìta nìyẹn. Ó ti bi Tinúkẹ́ léèrè lẹ́ẹ̀kan, irọ́ ló gbọ́.

Ẹ̀ẹ̀mejì ló tún lọ sí ilé ìdáná bí ẹni tó fẹ́ bu omi mu. Lẹ́ẹ̀mejèèjì ni Tinúkẹ́ yára dé ìkòkò.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí agogo méjì lù, ó gbọ́ ohùn Mùkáílà lẹ́yìnkùlé. Mùkáílà kì í gba ẹ̀yìn wọlé. Òun àti Tinúkẹ́ ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Adéníran wúkọ́, wọ́n sì dákẹ́.

“Tíṣà, ẹ kú ọdún,” ni Mùkáílà wí bó ṣe wọ pálọ̀. “Ìwàásù àlùfáà yín mà gùn o. Láti òwúrọ̀ ni mo ti ń gbóòórùn ẹran yìí, kò jẹ́ kí n rí oko lọ.”

“Ìwọ náà ti fẹ́ lọ sóko lọ́jọ́ ọdún tẹ́lẹ̀?”

“Ọdún yín ni. Tèmi kò ju ká jẹun lọ.”

Tinúkẹ́ gbé ìrẹsì àti ọbẹ̀ sílẹ̀, itan kọ̀ọ̀kan lórí àwo kọ̀ọ̀kan. Mùkáílà fọ ọwọ́, ó ṣe bísímílà, ó sì mú itan.

“Má jẹ ẹ́,” ni Adéníran wí.

Mùkáílà rẹ́rìn-ín. “Ó ti ń dùn ọ́? O fẹ́ gbà á padà?”

“Ẹran inú ọbẹ̀ yìí kì í ṣe èyí tí o pa nìkan. Abo ló kú, Tinúkẹ́ sì sè é mọ́ ọn. Itan mẹ́ta ni mo rí.”

Tinúkẹ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú jọ́ọ̀gì omi lọ́wọ́. Mùkáílà rọra dá itan náà padà sínú àwo.

“Mẹ́rin ni,” ló wí. “Ìkẹrin wà nínú epo nígbà tí o dé. Èmi ni mo pa méjèèjì.”

Adéníran ń wò ó.

“Bí mo ṣe mú akọ, abo ta gìrì, ó fò lu wáyà ẹlẹ́gùn-ún. Wáyà há a lọ́rùn. Nígbà tí a fi máa tú u, ojú rẹ̀ ti ń yí. Mo fi ọ̀bẹ kàn án kí ẹ̀mí tó bọ́ lára rẹ̀. Ọmọ yìí ló di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, ẹkún ló ń sun. Ó ní Bàbá á sọ pé òun lòun pa nǹkan Màmá. Èmi ni mo ní kó sè é pọ̀, pé bí a bá jẹun tán, èmi fúnra mi á sọ fún ọ.”

“Kí ló dé tí ẹ ò lè sọ fún mi láàárọ̀?”

“Ta ló lè sọ nǹkan fún ọ láti ìgbà tí Rosaline ti lọ?” Mùkáílà nu ọwọ́ rẹ̀. “Itan lo kà. O ò bèèrè lọ́wọ́ mi. Ṣé ọmọ yìí ni ìwọ rò pé ó máa fún mi ní òkúǹbete jẹ?”

Tinúkẹ́ gbé jọ́ọ̀gì kalẹ̀, ó sì jáde.

“Èmi ò ní jẹ oúnjẹ yìí bí ẹni tó sè é kò bá wọlé wá,” ni Mùkáílà wí, ó sì fẹ̀yìn ti àga.

Adéníran tẹ̀lé Tinúkẹ́ lọ sí ilé ìdáná. Ìkòkò tó ti mọ́ ni Tinúkẹ́ tún ń fọ̀.

“Tinúkẹ́.”

“Sà.”

“O purọ́ fún mi láàárọ̀.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ẹ má bínú.”

“Èmi náà rò ọ́ sí ohun tí o kì í ṣe.”

Ọmọbìnrin náà kò gbójú sókè. “Kì í ṣe òní nìkan, sà.”

Adéníran fa àpótí kan, ó jókòó lé e, agbádá rẹ̀ sì bọ́ sínú eérú. Kò kó o sókè.

“Òótọ́ ni,” ló wí. “Èwo ni ti abo nínú itan tí o gbé síwájú wa?”

“Mi ò dá a mọ̀ mọ́, sà. Ìkòkò kan náà ni.”

“Kò burú. Wá, ká lọ jẹ ẹ́. Tìrẹ náà, bù ú wá sí pálọ̀.”

Wọ́n gbọ́ tí Mùkáílà ń wúkọ́ léraléra lọ́hùn-ún, bí ẹni tí ebi ń pa. Tinúkẹ́ nu ọwọ́, ó bu oúnjẹ tirẹ̀, ó sì yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí bàbá ọkọ rẹ̀ lè kọjá. Adéníran ní kó máa lọ níwájú.