Abdul-Rahim Tí Gbogbo Ayé Ń Wá

Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu Hafeezah Àrówólò nínú ọkọ̀ trotro, tó bẹ́ẹ̀ tí obìnrin tó gbé agbọ̀n tòmátì lé itan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fi yíjú wò ó. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ẹ̀rín náà kò gbọ́. Ọkọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní Kaneshie, ní Accra, ni, oòrùn òwúrọ̀ ń ta gba ojú fèrèsé wọlé, àwọn ọ̀mọ̀wé káàkiri ayé sì ń wá ọkùnrin kan lórí fóònù rẹ̀, ọkùnrin tí kò sí.

"Ta ló mọ Mallam Abdul-Rahim, télọ̀ ní Nima? Ẹ dákun, ọ̀rọ̀ kánjúkánjú ni. Òun nìkan ló lè yọ Ọ̀jọ̀gbọ́n wa."

Tinúkẹ́ ló kọ ọ́. Yunifásítì kan ní Kánádà ni Tinúkẹ́ ti ń kọ́ni, òun ló sì ń darí Àpérò Onímọ̀ Ìtàn, ẹgbẹ́ orí wátsáàpù tí àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ láti Accra dé Ìbàdàn dé Lọ́ńdọ̀nù kóra jọ sí. Láti ìgbà tí ọlọ́pàá ti gbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Mísbáù Abọ́dúndé ni ẹgbẹ́ náà kò ti fojú ba oorun. Wọ́n fi àwòrán rẹ̀ rọ́pò tiwọn. Àwọn tí kò bá a pàdé rí ń pè é ní bàbá. Ẹnìkan ní Dakar tilẹ̀ kọ ewì fún un, ó pè é ní fìtílà tí afẹ́fẹ́ kò lè pa. Hafeezah ka ewì náà lẹ́ẹ̀mejì, ó sì tún rẹ́rìn-ín.

Kó jìyà. Kó jẹ ẹ́ dé eegun. Àgọ́ ọlọ́pàá náà gan-an ni Hafeezah ń lọ, kò sì gbé oúnjẹ kankan dání. Ó kàn fẹ́ lọ wo ojú rẹ̀ lẹ́yìn irin ni.

Nítorí pé òun ló kọ ọ̀rọ̀ tó gbé Mísbáù dé àtìmọ́lé. Nígbà tó ń wá oyè ọ̀mọ̀wé lábẹ́ Mísbáù, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi rin Nima já, ó ń jókòó nínú agboolé àwọn Yorùbá tó ti pẹ́ nílùú, ó ń gbọ́ bí ìjọba ayé àtijọ́ ṣe lé àwọn èèyàn wọn padà sí Nàìjíríà tó fi jẹ́ pé òkú wọn ló kù ní Accra. Ibẹ̀ ló ti gbọ́ nípa itẹ́ òkú àtijọ́ kan tí olóṣèlú ńlá kan kọ́ ilé ìtajà lé lórí. Ẹni tó sọ ọ́ fún un fojú ara rẹ̀ rí i láàárọ̀ kùtù, nígbà tí wọ́n ń fi ṣọ́bìrì kó eegun sínú típà. Àlájà Àsíátù ni, opó arúgbó kan tó ń gbé lẹ́yìn ilé burẹ́dì ní Nima, tí ọkọ rẹ̀ wà lára àwọn tí wọ́n hú.

"Má kọ orúkọ mi o, ọmọ mi," ni Màmá wí fún un. "Inú ilé ọkùnrin yẹn làwọn ọmọ mi ti ń tajà. Wallahi, tó bá gbọ́, ó tán fún wa nìyẹn."

Hafeezah búra fún un. Ó wá ṣe ohun tí àwọn olùwádìí máa ń ṣe: ó fún Màmá ní orúkọ mìíràn àti iṣẹ́ mìíràn, ó sọ ọ́ di ọkùnrin, ó pè é ní Mallam Abdul-Rahim, télọ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ ìwé ló fẹ́ kọ ọ́ sí pé òun ti pa àwọn orúkọ dà. Ṣùgbọ́n orí kẹta nìkan ló tíì gbé fún Mísbáù nígbà náà.

Mísbáù kà á, ó ní kò tíì jinná, kí ó ṣì fi sílẹ̀ ná. Nígbà tí yóò fi tó ọdún kan, orí kẹta náà jáde nínú ìwé Mísbáù, lábẹ́ orúkọ Mísbáù. Ọ̀dájú náà tilẹ̀ fi iyọ̀ sí i. Ó ní òun àti Mallam Abdul-Rahim jọ jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ, àwọn jọ mu tíì, omijé sì ń dà lójú Mallam bó ṣe ń ròyìn. Ní ìparí ìwé, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ "àwọn ọmọge tó bá wa tẹ̀wé." Nígbà tí Hafeezah fẹjọ́ sùn, wọ́n ní aláìmoore ni. Kò rí oyè náà gbà títí dòní. Ilé ẹ̀kọ́ kékeré kan ní Kaneshie ló ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn báyìí, ìwé Mísbáù sì ni ìjọba ní kí wọ́n máa lò. Tẹ́ ẹ bá jẹ́ òun, ẹ̀yin náà ò ní rẹ́rìn-ín?

Àfi bí rédíò kan ṣe ka ibi tí Abdul-Rahim ti sọ̀rọ̀ sétí aráyé. Inú bí àwọn ọ̀dọ́ Nima, wọ́n fọ́ gíláàsì iwájú ilé ìtajà náà yángá. Ọlọ́pàá wá Abdul-Rahim kiri, wọn ò rí i. Wọ́n wá mú Mísbáù, wọ́n ní irọ́ ló pa láti fi da ìlú rú: kó mú télọ̀ rẹ̀ wá, tàbí kó máa múra ẹ̀wọ̀n. Kò lè mú un wá. Kò sì lè sọ pé òun ò rí i rí, nítorí tíì tí wọ́n jọ mu.

Ó dùn mọ́ Hafeezah dé ọkàn. Èèyàn lè gbàdúrà títí kí ó má rí irú ẹ̀san bẹ́ẹ̀.

Fóònù rẹ̀ tún dún. Yusif ni, ọ̀kan lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ náà tó ń gbé ní Accra. "Mo ti rí i o!"

Àwòrán ló tẹ̀ lé e. Bàbá arúgbó kan dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù onípákó, ó fi téèpù ìwọnṣọ kọ́ ọrùn, ó ń rẹ́rìn-ín sí ẹni tó ń yà á. Yusif kọ àdúgbò náà sísàlẹ̀, àti ọ̀nà tí èèyàn máa gbà débẹ̀. Ó ní Kaftan ni gbogbo Nima ń pe bàbá náà, ìdí nìyẹn tí ọlọ́pàá ò fi rí i, ṣùgbọ́n òun bi àwọn oníbàárà rẹ̀ àtijọ́ léèrè títí òun fi mọ orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ gan-an. Ìdùnnú ṣubú layọ̀ nínú ẹgbẹ́. Wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. "Ẹ tàn án káàkiri," ni Tinúkẹ́ wí, "kí ayé mọ̀ pé ẹlẹ́rìí wà!"

Ẹ̀rín kúrò lójú Hafeezah. Orúkọ tó wọ́pọ̀ ló mọ̀ọ́mọ̀ mú nígbà yẹn, pé kò ní tọ́ka sí ẹnikẹ́ni. Kò rò ó pé bí èèyàn bá pe Abdul-Rahim lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí ní Nima, ẹni tí yóò dáhùn kò ní lóǹkà.

"Mate, mò ń bọ́ sílẹ̀!" ló pariwo sí ọmọ ọkọ̀, ó sì fi èdè Twi bẹ̀ ẹ́. "Bus stop, mepa wo kyɛw!"

Nígbà tó máa fi dé Nima, àwọn kan ti ṣíwájú rẹ̀ débẹ̀. Ẹ̀rọ ìránṣọ náà ti dojú dé nínú gọ́tà. Aṣọ àwọn oníbàárà wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, ipa bàtà hàn lára wọn. Bàbá inú àwòrán jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ètè rẹ̀ wú, ìyàwó rẹ̀ ń fi etí aṣọ nu ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀. Habiba ni àwọn aládùúgbò ń pè é bí wọ́n ṣe ń bẹ̀ ẹ́ pé kó fara balẹ̀.

"Àwọn ta ni, Màmá?" ni Hafeezah béèrè.

"Àwọn ọmọ ẹ̀yìn Honourable, ẹni tó ni ilé ìtajà yẹn. Wọ́n ní kó wá sọ nínú fídíò pé irọ́ lòun pa." Habiba kò gbójú sókè. "Irọ́ wo? Kò mọ nǹkan kan. Ọmọkùnrin kan ló wá láàárọ̀, ó kí i dáadáa, ó ní, 'Alhaji, ẹ rẹ́rìn-ín.' Ó sì rẹ́rìn-ín."

Bàbá náà gbé ojú sókè. "Wọ́n ní mo rí òkú," ló wí, bí ẹni tí ó ń tọrọ àforíjì. "Kai. Èmi tí mi ò rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́."

Hafeezah dúró ti gọ́tà, ó yọ fóònù, ó kọ ọ́ sínú ẹgbẹ́ lójú gbogbo wọn: "Ẹ yọ àwòrán bàbá yẹn kúrò kíá. Wọ́n ti lù ú. Kò sí Abdul-Rahim kankan. Èmi ni mo fi orúkọ yẹn bo ẹni tó sọ̀rọ̀, nítorí èmi ni mo kọ orí kẹta. Mísbáù jí i lọ́wọ́ mi." Ká má purọ́, àánú bàbá náà nìkan kọ́ ló mú un kọ ọ́. Ó ti pẹ́ tó ti ń fọkàn kọ gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn.

Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ tó kọ fi pòórá nínú ẹgbẹ́, Tinúkẹ́ sì kọ̀wé sí Hafeezah nìkan.

"Àǹtí Hafeezah, mo gbọ́ yín. Ó dùn mí púpọ̀. Ṣùgbọ́n àkókò rẹ̀ kọ́ nìyí. Tí wọ́n bá rí ohun tẹ́ ẹ kọ, wọ́n á fi kan Prof mọ́gi. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbà wọ́n sílẹ̀, ká tó yanjú ìyẹn nínú ilé. Ẹ má bínú, mo ní láti yọ yín kúrò fún ìgbà díẹ̀."

Hafeezah gbìyànjú láti padà wọ ẹgbẹ́, wọ́n ti ti ilẹ̀kùn. Ó sì dá a lójú pé àwòrán bàbá náà ṣì wà níbẹ̀, tí ó ń rẹ́rìn-ín.

Inú tó bí Hafeezah nígbà yẹn ju ti gbogbo ọdún tó ti kọjá lọ. Ó dára. Ṣé wọ́n ní kò gbọdọ̀ sọ ọ́? Iwájú ìjọba ni yóò ti sọ ọ́, Mísbáù fúnra rẹ̀ ni yóò sì fi ẹnu ara rẹ̀ gbè é lẹ́yìn. Ó dá takisí dúró, ó ní kó gbé òun lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá.

Ọlọ́pàá tó wà lẹ́yìn káńtà ń jẹ ẹ̀pà. Hafeezah rò ó fún un ní Gẹ̀ẹ́sì, láti orí Abdul-Rahim dé orí ẹ̀rọ ìránṣọ inú gọ́tà, ó ní kí wọ́n lọ dáàbò bo bàbá yẹn, kí wọ́n sì pe Mísbáù jáde. Ọlọ́pàá náà ṣí ẹnu sílẹ̀.

"Ei! Madam, so the tailor is not a tailor?"

Wọ́n mú Mísbáù wá. Ó ti rù, irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun kọjá bí Hafeezah ṣe rò, kò sì wọ bàtà. Ọkàn Hafeezah kò rọ̀.

"Ẹ sọ fún wọn, Ọ̀gá. Ta ló kọ orí kẹta?"

Mísbáù wo ilẹ̀, ó wo ọlọ́pàá. Ó mọ̀ pé òun ò ní ọ̀nà mìíràn mọ́. "She wrote it," ló wí. "I never met the man."

Ọ̀rọ̀ tí Hafeezah ti ń retí nìyẹn. Kò sí àpérò kankan tó gbọ́ ọ. Ẹnìkan tó ń jẹ ẹ̀pà ló gbọ́ ọ, ó sì gbọn èèpo kúrò lára aṣọ rẹ̀. Ó ní kò kan òun ẹni tó kọ ọ́. Ẹni tó rí eegun lòun ń wá. Tí wọn ò bá mú ẹni náà wá, àwọn méjèèjì ni yóò sùn síbẹ̀. Ó nawọ́, ó gba fóònù Hafeezah, ó sì ní kí wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì ara ògiri.

Wọ́n jókòó. Hafeezah ń retí kí Mísbáù tọrọ àforíjì. Ó ti pèsè ohun tí yóò fi dá a lóhùn, èyí tí yóò gbé e ṣubú pátápátá.

"Hafeezah," ni Mísbáù wí ní Yorùbá, ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Ta gan-an ló rí i?"

"Ohun tẹ́ ẹ ní í bi mí nìyẹn?"

"Mo ti ń rò ó láti ọjọ́ tí wọ́n ti tì mí mọ́lé. Gbogbo Nima ni mo rò kọjá. Irú ẹlẹ́rìí bẹ́ẹ̀ kò sí. Àbí ìwọ lo dá a sílẹ̀ látọkàn ara rẹ?"

Ìwọ̀sí yẹn ló ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ó gba iṣẹ́ náà, ó gba oyè, ó gba orúkọ, ó tún ń pe ohun tó jí ní irọ́. Ẹ̀jẹ̀ ru sí Hafeezah lórí.

"Ẹ ò lè mọ̀ ọ́n," ló wí, "nítorí ẹ kì í wo ojú èèyàn. Ọjọ́ tẹ́ ẹ tẹ̀ lé mi dé Nima, tí òùngbẹ ń gbẹ yín, ta ló gbé omi tútù fún yín mu? Ẹ gba ife lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ mu ún tán, ẹ ò bi í ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ìwé yín wà níwájú yín níbẹ̀, ẹ dá ife padà fún un."

Ó bá a. Mísbáù fà sẹ́yìn bí ẹni tí wọ́n fọ́ létí. Fún ìgbà díẹ̀, ó dùn mọ́ Hafeezah ju bó ṣe rò pé yóò dùn lọ.

"Màmá tí ilé rẹ̀ wà lẹ́yìn ilé burẹ́dì," ni Mísbáù rọra wí.

Hafeezah yíjú sí i. Kò rí ìtìjú kankan lójú rẹ̀. Ó mọ ojú yẹn dáadáa. Ojú tó máa ń ṣe nìyẹn ní ọ́fíìsì rẹ̀, nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá gbé iṣẹ́ tó dára lé e lọ́wọ́. Ó ti ń dìde, ó ń na ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ tó ti rún, ó kọjú sí káńtà.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́," ni Hafeezah wí. Ó di ọwọ́ aṣọ rẹ̀ mú. "Ọ̀gá."

Mísbáù rọra yọ aṣọ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó wúkọ́ bí ẹni tí ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́, ọlọ́pàá náà sì gbé ojú sókè. Hafeezah mọ̀ nígbà náà pé lọ́tẹ̀ yìí, Mísbáù kò jí nǹkan kan. Òun fúnra òun ló gbé e fún un.