Ọkọ̀ Àdìzát Oníwíńdò

Ẹnu Ruqoyah ló dá gbogbo ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Níbi ìpàdé àwọn obìnrin Ìdí-Ọ̀pẹ ni, abúlé etídò kan lẹ́yìn Ìtèlé, tí oko gbogbo wọn wà ní òdìkejì omi. Ọkọ̀ igi kan ṣoṣo tí wọ́n ní ti là lágbedeméjì. Ẹ̀gẹ́ ń jẹrà lóko, wọ́n ń wò ó láti ìhín. Bàbá Ọ̀ṣìnúbí tó gbẹ́ ọkọ̀ náà ti lé ní àádọ́rin ọdún, apá rẹ̀ kò gbé àáké mọ́. Bí wọ́n ṣe ń wojú ara wọn ni Ruqoyah bá dìde, ó tún ìró rẹ̀ ró, ó ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀. Ọmọ mi ló máa ṣe òmíràn."

Kò bi ọmọ léèrè o! Ọmọ tó ń wí yìí, Àdìzát, wíńdò ló ń ṣe ní tiẹ̀. Inú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan tí bàbá rẹ̀, olóògbé Àmọ̀dá, fi sílẹ̀ fún un ní Ojú Ọrẹ ló ti ń gé àlùmíníọ̀mù, ó sì ti lé ní ogún ọdún nídìí ẹ̀. Kò fọwọ́ kan ọkọ̀ rí láyé rẹ̀, àfi kó wọ̀ ọ́. Nígbà tí ìyá rẹ̀ wá ròyìn fún un, téèpù ìwọ̀n já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mọ́mì, wíńdò lèmi ń ṣe!"

"Ṣé kì í ṣe àlùmíníọ̀mù kan náà ni?"

"Ẹ ti lọ fi mí yangàn láìbi mí léèrè. Tó bá wá rì ńkọ́?"

"Tó bá máa rì, èmi ló máa kọ́kọ́ bá a rì," ni Ruqoyah wí. "Mo ti sọ fún wọn pé èmi ni mo máa kọ́kọ́ jókòó sínú ẹ̀."

Ta ló máa gbọ́ irú èyí tí ojora ò ní mú? Ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti ọkọ̀ nìkan. Bí ọkọ̀ bá rì, ìyá ò ní lè gbójú sókè mọ́ láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀, ọmọ náà ò sì ní lè pe ara rẹ̀ ní oníṣẹ́ ọwọ́ mọ́.

Àdìzát lọ sí Ìdí-Ọ̀pẹ, ó fi téèpù wọn ọkọ̀ tó là yẹn látorí dé ìdí. Bàbá Ọ̀ṣìnúbí jókòó sí ìtòsí, ó ń wò ó títí tó fi ṣe tán.

"Igi ló mọ omi," bàbá wá ní. "Irin ò mọ̀ ọ́n."

"Bàbá, ẹ ṣáà bá mi ṣàdúrà."

"Àdúrà ò tán lẹ́nu mi. Jẹ́ kó kan omi ná."

Ó ra àjákù síìtì àlùmíníọ̀mù pẹlẹbẹ lọ́wọ́ àwọn tó ń kó pàǹtí iléeṣẹ́ ní Ṣàngó, torí owó tuntun ò ṣe é fọwọ́ kàn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi ṣe é. Gbogbo ibi tí síìtì méjì ti pàdé, ó fi rọ́bà wíńdò há a láàárín, ó kàn án pọ̀, ó tún fi gúlúù ojú gíláàsì kùn ún. Àwọn tó ń kọjá, tí wọ́n ń fi orúkọ ọmọ rẹ̀ pè é, ò jẹ́ kó simi. "Ìyá Umar, ṣé agbada tẹ́ ẹ máa fi yan gààrí ni?" Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á lọ. Inú ń bí i, ṣùgbọ́n bó bá di ìrọ̀lẹ́, tí gbogbo èèyàn ti lọ, á fi àtẹ́lẹwọ́ pa ikùn ọkọ̀ náà, á sì rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó dùn mọ́ ọn. Ohun tó dára ló ṣe.

Ó wá ku bí yóò ṣe dé odò. Ọlọ́kọ̀ akẹ́rù kan ní Toll Gate Ṣàngó dárúkọ iye kan, owó tí Àdìzát fi ra gbogbo síìtì rẹ̀ ò tó ìdajì ẹ̀. Àdìzát ní kó rọra máa lọ. Kàdírì aládùúgbò rẹ̀ tó ń fi ọmọlanke kó ẹrù ló gbà á. "Ẹ jẹ́ ká dojú ẹ̀ dé orí ọmọlanke mi," ó ní. "Nǹkan tí kò wúwo tó àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́ta, kí ló tún ń wá ọkọ̀ akẹ́rù?"

Bí wọ́n ṣe kírun àárọ̀ tán ní ọjọ́ Sátidé ni wọ́n gbéra. Wọ́n tẹ́ fóòmù bẹ́ẹ̀dì sábẹ́ rẹ̀, wọ́n fi rọ́bà táyà ọ̀kadà dè é lẹ́ẹ̀mẹta. Kàdírì ń fà, Àdìzát ń tì. Kàdírì ò dákẹ́: "Ẹ yà o! Bàálù ń bọ̀!" Níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó sún mọ́ Ìtèlé, ọmọlanke fẹ́ sá mọ́ wọn lọ́wọ́, Àdìzát sì fara ti ẹ̀yìn, ó fẹsẹ̀ wọ́ ilẹ̀ títí bàtà rẹ̀ kan fi já. Ó bọ́ èkejì sọ sínú ọmọlanke, ó ń bá a lọ láìwọ bàtà.

Òjò ká wọn mọ́nà. Ṣé ẹni tó ní òrùlé tún ń sá fún òjò? Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀ tí wọ́n ń gbé lọ. Ibi gbogbo gbẹ táútáú, àfi pé ẹ̀kán omi díẹ̀ ń bọ́ sí Kàdírì lọ́rùn láti apá ìdí. Ó nu ún nù, ó ní òógùn ni. Àdìzát náà gbà pé òógùn ni.

Nígbà tí wọ́n dé Ìdí-Ọ̀pẹ, gbogbo abúlé ti wà létídò. Ruqoyah wọ aṣọ iléyá rẹ̀. Ó ní "Bìsìmíláì," ó wọlé, ó jókòó sí àárín gbùngbùn, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì. Wọ́n ti ọkọ̀ sómi, ó sì léfòó! Ó fúyẹ́ lórí omi, ó ń dán yanran. Àwọn obìnrin hó yèè.

Ìgbà náà ni Ruqoyah wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Omi ti dé ọrùn ẹsẹ̀.

Àdìzát sáré wọ odò. Kò pẹ́ tó fi rí i: ihò méjì, roboto, ní ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn ọkọ̀, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ ló lu ú. Kò sí wíńdò tí oníwíńdò ń ṣe tí kì í lu ihò méjì sí ìsàlẹ̀ férémù rẹ̀, kí omi òjò lè ríbi jáde. Bí bàbá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ nìyẹn: "Ibi tí òjò bá lè wọ̀, wá ọ̀nà àbájáde fún un." Ọwọ́ tó ti ń lu ihò fún ogún ọdún kì í bi orí léèrè mọ́.

"Yéè!" Kàdírì di orí mú. "Ìyá Umar, ẹ lu ihò sọ́kọ̀!"

Gbogbo èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Àwọn ọkùnrin ń fọwọ́ lu itan. Ojú ti Àdìzát débi pé ó fẹ́ kí odò gbé e mì. "Mọ́mì, ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ jọ̀ọ́."

"Mi ò sọ̀."

"Omi ń wọlé!"

"Mo rí i. Ojú ò fọ́ mi. Ọmọ mi ló ṣe ọkọ̀ yìí, ibi tí mo jókòó sí nìyí." Ó gbé àpò rẹ̀ lé orí itan kó má baà rẹ, ó sì kọjú sí òdìkejì.

Bàbá Ọ̀ṣìnúbí ló wọ odò wá. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ki ọwọ́ sínú ọkọ̀, ó fi ìka tọ gbogbo ojú ìkànpọ̀ láti ìdí dé orí, ní ìhà méjèèjì, lókè ibi tí omi dé. Ó tún padà tọ̀ ọ́. Ẹ̀rín àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀.

"Gbígbẹ ni," ó ní. "Gbogbo ẹ̀ pátá. Ibi tí ọmọ yìí ní kí omi gbà nìkan ni omi gbà." Ó yíjú sí àwọn tó ń rẹ́rìn-ín. "Ta ló lè ṣe bẹ́ẹ̀ nínú yín?"

Ó gé ẹ̀ka igi kan létídò, ó fi ọ̀bẹ gbẹ́ èdídí méjì ṣóńṣó, ó gbá wọn wọ inú ihò. "Igi á mu omi, á wú, á há. Ẹ gbọ́n èyí tó ti wọlé dànù, kẹ́ ẹ máa lọ."

Wọ́n lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n lọ tí wọ́n sì bọ̀ lọ́jọ́ náà, ẹ̀gẹ́ kún un, Ruqoyah ò sì kúrò ní ìjókòó rẹ̀ ní gbogbo rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fa ọkọ̀ gòkè, ẹrẹ̀ àti omi ẹsẹ̀ èèyàn kún ìsàlẹ̀ rẹ̀. Àwọn obìnrin na ọwọ́ sí kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n gé, èyí tí wọ́n fi ń gbọ́n omi láti ìgbà ìyá wọn.

"Ẹ fi sílẹ̀," ni Àdìzát wí. Ó fa èdídí méjèèjì yọ. Omi tú jáde, ẹrẹ̀ tẹ̀ lé e, inú ọkọ̀ mọ́ kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀.

Bàbá Ọ̀ṣìnúbí ń wo ihò náà.

"Ogójì ọdún ni mo fi gbẹ́ ọkọ̀ fún abúlé yìí," ó ní, "ogójì ọdún lẹ sì fi gbọ́n omi. Àdìzát, ta ló kọ́ ẹ?"

"Bàbá mi ni, sà. Àmọ̀dá oníwíńdò, ní Ojú Ọrẹ." Ó fẹ́ fi kún un pé àṣìṣe ni, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ fi ìgbọ̀nwọ́ gún un níhà.

Bàbá jókòó sórí ọkọ̀ rẹ̀ tó là. Ó fa ìyókù ẹ̀ka igi náà sọ́dọ̀, ó yọ ọ̀bẹ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ èdídí méjì mìíràn.

"Ti ọkọ̀ kejì nìyí," ó ní.